Àwòrán gangan, mágásíìnì àtijọ́ tàbí ẹ̀dà títẹ̀: èwo ló yẹ kí ẹ fowó yín rà?

Ẹni tó bá fẹ́ràn àwòrán akọni tó ń bá ejò ńlá jà, ọkọ̀ tó ń balẹ̀ sí ayé mìíràn, àti àwọn ẹranko abàmì tí kò sẹ́ni tó rí wọn rí, ọ̀nà mẹ́ta ló lè gbà sọ wọ́n di tirẹ̀. Ó lè ra àwòrán tí ayàwòrán fọwọ́ ara rẹ̀ kùn. Ó lè ra mágásíìnì tí wọ́n tẹ àwòrán náà sí nígbà náà lọ́hùn-ún. Ó sì lè ra ẹ̀dà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀. Ní tèmi o, mágásíìnì ni kí ẹ kọ́kọ́ rà.

Àwòrán gangan

Owó ibẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ní 2019, wọ́n lu "Egyptian Queen" tí Frank Frazetta, ọmọ Brooklyn, kùn ní gbàǹjo ní mílíọ̀nù 5.4 dọ́là. Ní 2023, "Dark Kingdom", iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kan náà, gba mílíọ̀nù 6. Ẹ má jẹ́ kí èyí lé yín sá, nítorí ayàwòrán pọ̀ tí iye iṣẹ́ wọn kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìyẹn. Àmọ́ ẹ rántí pé ilé gbàǹjo máa ń fi owó tiwọn lé iye tí ẹ pè. Ó sábà máa ń tó ìdá kan nínú márùn-ún. Ẹ ṣírò rẹ̀ kí ẹ tó nawọ́ sókè.

Ohun tó sọ àwòrán àwọn mágásíìnì pulp, ìyẹn mágásíìnì ìtàn àtijọ́ tí wọ́n ń tẹ̀ sórí bébà olówó pọ́ọ́kú, di ọ̀wọ́n ni pé díẹ̀ ló ṣẹ́ kù. Àwọn tó ń tẹ ìwé ní New York nígbà náà kò kà á sí nǹkan kan. Bí wọ́n bá ti tẹ èèpo ìwé tán, ọ̀pọ̀ àwòrán ọ̀hún ni wọ́n dà nù bí ìdọ̀tí. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rò ó. Robert Lesser fi ọ̀pọ̀ ọdún wá èyí tó kù kiri, ní 2003 sì ni Brooklyn Museum pàtẹ ohun tó kó jọ fáráyé wò.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ yí àwòrán náà padà. Ẹ̀yìn kánfáàsì máa ń sọ̀rọ̀ ju iwájú lọ: ojú ìṣó, lébẹ́ẹ̀lì, oṣù àti ọdún tí ẹnì kan fi pẹ́ńsù kọ síbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wo òkè rẹ̀. Ayàwòrán èèpo ìwé máa ń fi àyè sílẹ̀ níbẹ̀ fún orúkọ mágásíìnì. Bí àyè yẹn kò bá sí, ẹ bi ẹni tó ń tà á ibi tí wọ́n kọ orúkọ sí. Ti Margaret Brundage, tó bẹ̀rẹ̀ sí í ya èèpo mágásíìnì Weird Tales ní 1932, tún gba ìṣọ́ra púpọ̀, nítorí ẹfun aláwọ̀ ló fi ń yà á. Ẹ fìka kàn án lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọbìnrin inú àwòrán ti wà lára ìka yín. Àádọ́rùn-ún dọ́là ni wọ́n ń san fún un lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀nà àbùjá kan wà: àwòrán aláwọ̀ dúdú àti funfun tí wọ́n ń fi sínú ìwé. Ó sábà máa ń dínwó gan-an ju ti èèpo lọ, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ ayàwòrán náà ló yà á. Tí ẹ bá rí ti Virgil Finlay, tó ń fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún àmì tóótòòtó gbé ojú èèyàn jáde, ẹ jókòó tì í dáadáa.

Mágásíìnì àtijọ́

Wọn kò ya àwòrán wọ̀nyí kí wọ́n lè gbé wọn kọ́ sára ògiri. Wọ́n yà wọ́n kí wọ́n lè pe ẹni tó ń kọjá lọ níwájú àtẹ ìwé ìròyìn tí owó díẹ̀ wà lápò rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí pupa fi pupa fòò tí yẹ́lò sì ń tàn yòò. Nítorí náà, mágásíìnì gan-an ni iṣẹ́ náà bó ṣe parí. Amazing Stories àkọ́kọ́, ti oṣù kẹrin 1926, sẹ́ǹtì mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni wọ́n ń tà á. Frank R. Paul ló ya èèpo rẹ̀: àwọn èèyàn ń yọ̀ lórí yìnyín, ayé olóruka ràbàtà kan sì yọ lókè orí wọn. Ìyẹn ti wọ́n báyìí, ṣùgbọ́n àwọn mágásíìnì kéékèèké ti ọdún 1950 sókè ṣì wà ní iye tí òṣìṣẹ́ lè rà.

Bébà wọn ni ìṣòro. Igi lílọ̀ olówó pọ́ọ́kú ni, ásíìdì inú rẹ̀ ló sì ń jẹ ẹ́ títí tó fi pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ tó sì ń rún bí ewé gbígbẹ. Ẹ ní kí wọ́n ya fọ́tò ẹ̀yìn ìwé níbi tí wọ́n ti dì í, àti ìpata ara píìnì rẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n ka ojú ìwé rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, torí àwọn ònkàwé ayé ìgbà náà máa ń fi sísọ́ọ̀sì gé fọ́ọ̀mù inú rẹ̀ ránṣẹ́. Tó bá dé ọwọ́ yín, inú ọ̀rá polyester pẹ̀lú páálí tí kò ní ásíìdì ni kó wà. Ẹni tó bá ń gbé Èkó tàbí Kútọnu, ọ̀rinrin àti ikán ni kó máa ṣọ́. Ẹ má gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ẹ̀dà títẹ̀

Ó dára fún ògiri, torí tí oòrùn bá bà á jẹ́, ẹ ó ra òmíràn. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má tìtorí pé wọ́n kọ 12/500 sí i lára, ìyẹn ni pé òun ni ìkejìlá nínú ẹ̀dà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, kí ẹ rò pé owó lẹ fi pamọ́. Èyí tí wọ́n ń pè ní giclée, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé onítàdáwà ló tẹ̀ ẹ́.

Wọ́n ti ta ẹ̀dà kan fún mi rí, wọ́n ní ayàwòrán fọwọ́ ara rẹ̀ buwọ́ lù ú. Mo fi gíláàsì tó ń sọ nǹkan di ńlá wò ó: àmì róbótó róbótó aláwọ̀ mẹ́rin ló tò jọ bí òdòdó káàkiri ojú rẹ̀, orí orúkọ tí wọ́n ní ó buwọ́ lù náà sì ni wọ́n tún wà. Yíǹkì ọwọ́ kì í ní àmì bẹ́ẹ̀. Gíláàsì náà kò wọ́n, ẹ ra ọ̀kan kí ẹ tó ra ohunkóhun.

Tí ẹ bá ń gbé mágásíìnì wọlé láti Amẹ́ríkà, ẹ sọ fún ẹni tó ń tà á pé kó há a sáàárín páálí líle méjì, kó sì fi ọ̀rá dì í kí òjò má bàa kàn án. Kó má ká a rárá.