Hẹ́dísẹ́ẹ̀tì tí kò mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì

Àbúrò mi ló tú àṣírí ẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ ni, iná lọ, mo dìde lọ tan jẹnẹrétọ̀. Nígbà tí n ó fi padà dé, ó ti jókòó sídìí láptọ́ọ̀pù mi, ó sì ti gbé hẹ́dísẹ́ẹ̀tì tuntun mi kọ́rí sódì. Máìkì tó yẹ kó wà lẹ́nu nà sẹ́yìn ọrùn ẹ̀ bí ìrù ajá. Mo ti nawọ́ pé kí n já a gbà, ni mo bá tajú kán rí iye ẹni tó ti yìnbọn pa nínú géèmù: 14. Ọmọ tí kì í pa ju méjì lọ! Èmi fúnra mi, láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí mo ti rà á, mi ò pa tó mẹ́rin lálẹ́ kankan.

₦18,500 ni mo san ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Òkèṣà, nínú Adó níbí. Ọmọ tó ń bá wọn tajà ò jẹ́ kí n mí. "Brọ̀dá, 7.1 ni o! Gbogbo àwọn ọmọ Ìwòròkò tó ń gbá géèmù, èyí ni wọ́n ń rà." Mo ní kó jẹ́ kí n gbọ́ ọ ná. Ó tan orin kan tí béèsì ẹ̀ ń mì mí lágbárí, mo rẹ́rìn-ín, mo sanwó. Òmùgọ̀ ni mí. Béèsì ní ṣọ́ọ̀bù dà bí ata nínú ọbẹ̀: ẹni tó bá ń ta lẹ́nu ò ní tètè mọ̀ pé kò níyọ̀.

Ọ̀rọ̀ 7.1 yẹn, ìyẹn ọ̀nà ohùn mẹ́jọ tó yí èèyàn ká, ara páálí ló pin sí. Okùn méjì ló ní, USB kan àti ẹnu 3.5 mm kan. Nígbà tí mo yọ USB, iná aláràbarà tó ń tàn létí ẹ̀ nìkan ló kú, ohùn ò yí padà rárá. Ẹnu 3.5 mm ló ń gbé ohùn, ọ̀nà méjì péré ló sì ní fún etí: ṣóńṣó orí ẹ̀ jẹ́ ti òsì, òrùka tó tẹ̀ lé e jẹ́ ti ọ̀tún. Àwọn yòókù dà?

Counter-Strike 2, géèmù ìbọn yíyìn, ni mò ń gbá, etí ló sì ń dá ẹ̀mí sí nínú ẹ̀ ju ojú lọ. Ẹsẹ̀ ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ògiri lèèyàn ń gbọ́. Ohùn tó bá ti ọ̀tún wá á kọ́kọ́ kan etí ọ̀tún. Ohun tó fi ṣáájú etí òsì ò tó ìdá kan nínú ìdá 1,000 ìṣẹ́jú àáyá kan, síbẹ̀ ọpọlọ á ti mọ̀. Tèmi náà mọ̀. Mo ń gbọ́ kọ̀-kọ̀-kọ̀ lósì, mo yí sósì, wọ́n á wá ti ẹ̀yìn fọ́ mi lórí. Alẹ́ mẹ́ta gbáko! Mo tilẹ̀ ní kí ìyá mi bá mi wo etí, bóyá ó ń dí. Wọ́n ní, "Ìgbà tó o gbọ́ 'wá jẹun' lánàá, etí wo lo fi gbọ́ ọ?"

Lẹ́yìn tí mo rí 14 yẹn, mo wọ ibi ètò ohùn nínú Windows, mo fa ti òsì wálẹ̀ dé òdo. Etí ọ̀tún ló kú. Mo jókòó, mo ń wo lẹ́tà L, ìyẹn òsì, tí wọ́n kọ gàdàgbà sára etí tó ṣì ń dún.

Láàárọ̀ Sátidé mo ti wà ní ṣọ́ọ̀bù. Ọmọ yẹn gbọ́ ẹjọ́ mi tán, ó ní, "Ẹ kúkú máa wọ̀ ọ́ sódì." Mo bi í pé ṣé ìpàkọ́ ni kí n máa fi sọ̀rọ̀ sí máìkì ni. Ó fọwọ́ han ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri, pé ọjà tí wọ́n bá ti tà, wọn kì í gbà á padà. Ohùn mi ti ń lọ sókè nígbà tí màmá tó ni ṣọ́ọ̀bù jáde láti ẹ̀yìn. Wọ́n bi mí bóyá "ulé" ni mo ti bà á jẹ́, bí ará Èkìtì gidi ṣe ń pè é. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ fi sórí, ẹ gbọ́ ọ fúnra yín."

Gèlè ò gbà. Wọ́n tú u, wọ́n ká a lé itan, wọ́n gbé e kọ́ etí. Mo tẹ ti òsì. Wọ́n gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè. Mo tún un tẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún kan náà. Wọ́n yọ ọ́, wọ́n wo L, wọ́n wo ọmọ wọn, wọ́n ní kó já méjì mìíràn wá láti inú páálí kan náà. Bákan náà ni gbogbo wọn. Ọmọ yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í nu tábìlì tí kò dọ̀tí.

Owó ò padà o, mi ò ní purọ́. Àmọ́ màmá mú mi sọdá títì lọ bá ẹni tó ń tún fóònù ṣe, wọ́n sì san ₦1,500 fún un látinú àpò tiwọn. Ọ̀gbẹ́ni náà ṣí etí òsì. Wáyà inú ẹ̀ tín-ín-rín bí irun, ọ̀dà ló sì wà lára ẹ̀, lẹ́ẹ̀dì tí wọ́n fi ń jó wáyà mọ́ra ò ní mú un bí wọn ò bá kọ́kọ́ fi iná jó o díẹ̀. Ó jó o, ó pààrọ̀ ipò pupa àti àwọ̀ ewé, èéfín rú lẹ́ẹ̀kan, ó parí. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá! Ibi tí wọ́n ti ṣe é, kò sẹ́ni tó fetí sí ẹyọ kan ṣoṣo kí wọ́n tó dì í?

Ìgbà náà ni mo tó mọ ohun tí mo rà. Mo ní ìlù kan tí mo gbà sórí fóònù níbi òkú àgbà kan ní Ìkẹ́rẹ́, òun ni mo fi ń dán hẹ́dísẹ́ẹ̀tì wò, nítorí ohùn ìsàlẹ̀, àárín àti òkè ni ìyáàlù fi ń sọ̀rọ̀. Bí béèsì bá pọ̀, ó máa ń gbé ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e mì, oríkì á di ariwo. Tibí náà kọ́kọ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Mo dín béèsì, ohun tó wà nísàlẹ̀ 200 Hz, kù, ni ìlù bá là kedere, mo gbọ́ ibi tí onílù ti ń tọrọ owó. Nínú géèmù, mo ń mọ ẹsẹ̀ tó tẹ irin yàtọ̀ sí èyí tó tẹ pákó, mo sì ń mọ apá ibi tó wà láìwòye. Ó dùn mọ́ mi dé egungun.

Máìkì ẹ̀ ń gbọ́ jù. Ọ̀rẹ́ mi tó wà n'Íbàdàn ní kí n ṣọ́ra, ẹnì kan ń ju bọ́ǹbù. Ìyá mi ló ń gúnyán. Awọ etí ẹ̀ náà ń gbóná, láàárín wákàtí kan òógùn á ti máa sọ̀ lẹ́rẹ̀kẹ́.

Mo fún un ní 9 nínú 10. Àbúrò mi ní wọ́n ti bà á jẹ́. Ó ṣì ń gbé e kọ́rí sódì, ó sì ti padà sí méjì méjì ẹ̀.