Gáàsì Olójú Gíláàsì àti Olójú Irin: Ẹ Wọn Ihò Kí Ẹ Tó Wo Ẹwà

Ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ gáàsì tí wọ́n rì sínú káńtà ìdáná, oríṣi méjì ló máa bá lọ́jà: olójú gíláàsì dúdú tó ń dán gbinrin, àti olójú irin tí kì í dípatà. Mo ti lo méjèèjì. Ti gíláàsì lo ọdún mẹ́ta nílé wa. Ti irin ló wà níbẹ̀ báyìí, ọwọ́ ara mi ni mo sì fi dè é mọ́lẹ̀. Iye ojú iná àti àwọ̀ rẹ̀ wà lára páálí, n kò ní kà á fún yín.

Ní ti ẹwà, gíláàsì ló ni ín. Epo pupa ta sí i, ẹ fi aṣọ tútù nù ún, ó tán. Irin máa ń gba àmì ìka, bí ẹ bá sì fi kànìnkànìn onírin ha á, ojú rẹ̀ á họ.

Ní ti iná títàn, gíláàsì náà ló tún dára jù. Bátìrì tọ́ọ̀ṣì ńlá kan ló ń ta iná sí tiwa, kò ní ohunkóhun í ṣe pẹ̀lú NEPA. Ti irin tí mo rà ń lo iná mànàmáná láti ta iná. Bí wọ́n bá mú iná lọ, ìṣáná ni.

Ní ti agbára, ilé tí wọ́n ti ń ro àmàlà ni kí ẹ bi mí. Ẹni tó ń ro àmàlà, gbogbo agbára apá rẹ̀ ló ń tì sórí ìkòkò. Ìkòkò ńlá tí ìdí rẹ̀ fẹ̀ ju ojú iná lọ náà tún máa ń da ooru padà sórí gíláàsì. Lọ́jọ́ Sátidé kan, ìyàwó mi gbé ìkòkò ọbẹ̀ ńlá kaná, ó yíjú sí fíríìjì, nǹkan dún gbàà! Kí n tó dé ibẹ̀, gíláàsì ti di wẹ́wẹ́ bí iyọ̀ òkúta, ìkòkò ti fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, iná ṣì ń jó lábẹ́ rẹ̀. Mo sáré lọ ti sílíńdà pa. Ọlọ́run ṣeun, ẹnikẹ́ni kò fara pa, nítorí irú gíláàsì yẹn kì í fọ́ sí ṣóńṣó. Ṣùgbọ́n a da gbogbo ọbẹ̀ náà nù.

Mo rò pé kí n lọ ra òmíràn ló kù. Ihò tó wà lórí gíránáìtì, òkúta tí wọ́n fi ṣe káńtà wa, ni kò jẹ́.

Ohun tí ẹni tó ta ti àkọ́kọ́ fún mi kò sọ nìyí. Ọ̀pọ̀ gáàsì olójú gíláàsì tó ń ti Ṣáínà wá, pàápàá olójú méjì, ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní ìwọ̀n ihò tirẹ̀. Tiwa fẹ̀ ní sẹ̀ntímítà 65, ó wọnú ní 35. Nígbà tí mo mú ìwọ̀n yẹn lọ sí Alába, wọn kò ṣe irú tiwa mọ́. Ọ̀kan ń fẹ́ ihò tó tóbi ju tiwa lọ. Òmíràn kéré débi pé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò ní gbé e dúró. Gbogbo oníṣọ́ọ̀bù ló ń sọ pé, "Ọ̀gá, ó máa wọlé." Ẹ má gbà á fún wọn. Ihò tí ìwé inú páálí bá kọ ni kí ẹ gbà.

Olójú irin yàtọ̀ níbẹ̀. Ti sẹ̀ntímítà 60, olójú mẹ́rin, ihò tó sábà máa ń béèrè fẹ̀ ní 56, ó wọnú ní nǹkan bí 48, ilé iṣẹ́ yòówù kó ṣe é. Bó bá bàjẹ́ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, òmíràn á wọ ihò kan náà. Ṣùgbọ́n ihò tiwa, 65, fẹ̀ ju irin 60 fúnra rẹ̀ lọ. Bí mo bá gbé e sí i, inú kọ́bọ́ọ̀dù ló máa bọ́ sí. Ohun tó yọ mí ni pé ọ̀pọ̀ olójú irin tó fẹ̀ ní 75 ń lo ihò 56 sí 48 kan náà, ojú rẹ̀ nìkan ló fẹ̀ sí i. Ti 75 bo 65 wa mọ́lẹ̀, ó sì fi bíi sẹ̀ntímítà márùn-ún jókòó lọ́tùn-ún lósì.

Ó wá ku wíwọnú. Láti 35 dé 48, a ní láti gé sẹ̀ntímítà 13 kúrò lára gíránáìtì. Káńtà wa jẹ́ 60 láti iwájú dé ògiri, nítorí náà 12 ló máa kù fún iwájú àti ẹ̀yìn, ti iwájú kò sì ju 6 lọ. Ẹni tó wá gé e sọ fún mi pé, "Ẹ̀gbọ́n, ibi tó kù níwájú yìí tín-ín-rín o." Mo ní kó máa gé e. Kò fi dírílì lu ihò róbótó sí igun kó tó gé e tààrà. Ẹ̀rọ ìgé-táìsì kọjá igun díẹ̀, mo sì rí i bí òkúta náà ṣe là láti igun yẹn dé etí iwájú, tín-ín-rín bí irun. Wọ́n fi gọ́ọ̀mù dì í, wọ́n kùn ún ní dúdú. Bí oòrùn àárọ̀ bá tàn sí káńtà, ẹ ó rí ìlà náà. Owó gígé àti owó dídì pọ̀, ó ju ìdajì owó gáàsì tuntun lọ.

Bí ẹ bá máa gé e, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ lu igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní róbótó, kó fi pákó gbé etí iwájú dúró láti ìsàlẹ̀, kó sì máa da omi sí i. Iṣẹ́ yìí nìkan ni n kò ní kí ẹ dáwọ́ lé fúnra yín.

Ìyókù rọrùn. Ọ̀pọ̀ gáàsì láti Yúróòpù, gáàsì inú páìpù ni wọ́n ṣe é sílẹ̀ fún. Ọ̀rá kékeré kan máa ń wà nínú páálí pẹ̀lú jẹ́ẹ̀tì ti gáàsì sílíńdà, ìyẹn irin kékeré onihò tí gáàsì ń gbà jáde. Lára tèmi, èyí tí wọ́n kọ 85 sí lára lọ sí ojú ńlá, 65 sí méjì tó tẹ̀ lé e, 50 sí kékeré. Ẹni tí kò bá pààrọ̀ rẹ̀ á rí iná pupa rẹ́súrẹ́sú tó ń fi èéfín kun ìdí ìkòkò. Sípánà 7 ló ń tú u. Ti Ṣáínà tí mo kọ́kọ́ rà kò ní wàhálà yìí, bó ṣe wá la fi ń lò ó.

Rọ́bà gáàsì, tuntun ni kí ẹ fi sí i, kì í ṣe ti àtijọ́. Ẹ fi kílíìpù dè é lójú méjèèjì, ẹ ṣí sílíńdà, ẹ fi kànìnkànìn kun ọṣẹ olómi sí gbogbo oríkèé. Níbi tó bá ti hó, ẹ ti sílíńdà pa, ẹ tún un dè, ẹ tún kùn ún. Ẹ má fi iná wò ó láé. Gáàsì wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló ń lọ, nítorí náà ìta ni kí sílíńdà wà. Èyí tó bá sì wù kí ẹ rà, ẹ rí i pé ó ní irin kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná tó ń ti gáàsì pa bí afẹ́fẹ́ bá pa iná. Òun ló fà á tí ẹ fi ń tẹ kọ́kọ́rọ́ mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ kí iná tó dúró.

Nítorí náà, bí ìkòkò yín bá kéré, tí iná NEPA yín kì í dúró, tí ẹ sì rí gíláàsì tí ihò rẹ̀ jẹ́ 56 sí 48, ẹ rà á, kò burú. Bí ihò rẹ̀ bá yàtọ̀ sí ìyẹn, ó dáa kí ẹ fi í sílẹ̀ sórí káńtà ẹni tó ń tà á. Tèmi, mo ti kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù, lábẹ́ gáàsì gan-an, fún ẹni tó bá máa pààrọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú: ihò 65 sí 48, ojú irin 75, ẹ má ṣe gé iwájú mọ́.