Àgbéyẹ̀wò: Àpótí káàdì òwe 120 fún kíkọ́ Híńdì, pẹ̀lú tísà orí íntánẹ́ẹ̀tì

Káàdì 78 ló jẹ́ kí n kọ èyí. Ohun tó wà níwájú rẹ̀ ni नाच न जाने आँगन टेढ़ा, nāch na jāne āngan ṭeṛhā: kò mọ ijó jó, ó ní àgbàlá ló wọ́. Ọmọ ìyá òwe tiwa ni, "Àìlèjà ni ojúde baba mi ò dé ìhín." Ẹ̀yìn káàdì ní ká máa lò ó nígbà tí ẹnìkan bá ń di ẹ̀bi ru irinṣẹ́ rẹ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn níbẹ̀.

Ní kíláàsì kẹfà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń gé ohùn tísà mọ́ wọn lẹ́nu, wọ́n sì ń bẹ̀bẹ̀ pé íntánẹ́ẹ̀tì Lucknow, ìlú wọn ní Íńdíà, kò dáa lọ́jọ́ yẹn. Irinṣẹ́ rèé, ẹ̀bi rèé, bí káàdì ṣe wí gẹ́lẹ́. Mo bá pa òwe náà. Màmá tísà, ẹni ọgọ́ta ọdún ó lé, dákẹ́. Wọ́n ní "achchhā" ("ó dáa"), wọ́n wo aago, kíláàsì parí nígbà tó ku ìṣẹ́jú 12.

Ọmọ tó bá fẹ́ pa òwe níwájú àgbà lọ́dọ̀ wa á kọ́kọ́ ní "tótó ó ṣe bí òwe o", àgbà á sì ní "wàá rí òmíràn pa." Ta ló wá tẹ òwe 120 jáde láì fi ìlà kan ṣoṣo sọ ẹni tí a lè pa á fún àti ẹni tí a kò gbọdọ̀ pa á fún?

Alẹ́ ọjọ́ Ajé ni mo kọ̀wé sí àwọn tó ń dá oníbàárà lóhùn. Ọjọ́bọ̀ ni èsì dé: káàdì náà tọ̀nà, ìtumọ̀ rẹ̀ pé, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé èmi ni mi ò lò ó dáadáa. Mo ya fọ́tò ẹ̀yìn káàdì ránṣẹ́, mo fi bírò pupa yí ibi tó ṣófo ká. Ẹlòmíràn ló dáhùn lọ́tẹ̀ yìí, ó dúpẹ́ títí, ó wá fún mi ní ẹ̀dínwó ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún lórí àpótí kejì. Àpótí kejì kẹ̀! Mo bi í bóyá ó tilẹ̀ ka ohun tí mo kọ. Ó ní òun ti fi ránṣẹ́ sí ẹ̀ka tó yẹ. Títí di òní, ẹ̀ka tó yẹ kò tíì fọhùn.

Nígbà tí mò ń ya fọ́tò yẹn ni mo rí àléébù kejì. Èmi ni mo fi àmì kékeré sábẹ́ ढ nínú टेढ़ा lókè yìí. Kò sí lórí káàdì. Àmì yẹn ló ya ìró méjì sọ́tọ̀. Láìsí i, ahọ́n á ká lọ sẹ́yìn, á lẹ̀ mọ́ òkè ẹnu, á sì dá èémí dúró. Tó bá wà, ńṣe ni ahọ́n á kàn gbá òkè ẹnu fẹ́rẹ́ kó tó padà síwájú. Ohùn inú áàpù wọn pè é bó ṣe yẹ. Ohun tí ojú ń kà wá yàtọ̀ sí ohun tí etí ń gbọ́, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kò sì ní mọ èyí tí yóò gbà gbọ́.

Ohùn náà fúnra rẹ̀, mi ò ní ẹjọ́ rò lórí rẹ̀. Ọkùnrin kan ṣoṣo ló ka gbogbo rẹ̀, ó kà á yára lẹ́ẹ̀kan, ó tún kà á díẹ̀díẹ̀. Àwa Yorùbá ní àǹfààní kan: fáwẹ̀lì àránmúpè inú āngan àti munh (ẹnu) kò lè yọ wá lẹ́nu, nítorí a ti ń pe "an" àti "un" láti ilé. Èémí ni wàhálà. Ẹ mú bébà tẹ́ẹ́rẹ́ síwájú ẹnu kí ẹ pe khet, oko: bí bébà kò bá mì, ket lẹ pè. Ẹ má sì fi ohùn òkè àti ìsàlẹ̀ sí i, Híńdì kì í fi ohùn ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ bíi tiwa.

Ibi tí òwe ti ń ṣiṣẹ́ gan-an ni gírámà, kò sì sí ìwé tó kọ́ mi tó káàdì 49: jiskī lāṭhī uskī bhains, ẹni tó ni ọ̀pá ló ni ẹfọ̀n (ẹfọ̀n tí wọ́n ń fún wàrà rẹ̀ o, kì í ṣe ti inú igbó wa). Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré. Kī ni "ti". Lāṭhī jẹ́ abo nínú Híńdì, bhains náà jẹ́ abo, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ kī níbi méjèèjì. Bí ọkùnrin ló ni ọ̀pá, kī náà ni, torí ohun tí a ní ni kī ń tẹ̀ lé, kì í ṣe ẹni tó ni ín. Ẹ yọ ọ̀rọ̀ méjì kúrò, kí ẹ fi tiyín sí i: jiskā ghar uskā kirāyā, ẹni tó nilé ló ni owó ilé, akọ méjì, jiskī dukān uskā paisā, ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù ló lowó, abo kan, akọ kan. Tí ẹ bá ṣe mẹ́wàá báyìí lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹnu á mọ̀ ọ́n kí orí tó mọ̀ ọ́n.

Káàdì 112 náà dùn: sānp bhī mar jāe aur lāṭhī bhī na ṭūṭe, kí ejò kú, kí ọ̀pá má ṣẹ́. Na rèé, kì í ṣe nahīn. Ẹni tó mọ ìyàtọ̀ "kò ṣẹ́" àti "kó má ṣẹ́" ti gbọ́ ọ ná.

Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe tò wọ́n! A, b, d ti Híńdì ni wọ́n tẹ̀ lé, nítorí náà àwọn òwe tó gbó jù ló ṣáájú, torí pé अ ló bẹ̀rẹ̀ wọn. Káàdì 2 ni adhjal gagrī chhalkat jāe, ìkòkò tí omi rẹ̀ kò kún ní í dànù lọ́nà. Káàdì 3 ni ab pachtāe hot kyā jab chiṛiyā chug gaī khet, kí ni àbámọ̀ fẹ́ ṣe nígbà tí ẹyẹ ti ṣa oko jẹ tán. Chhalkat àti hot, ẹnu àtijọ́ ni. Chhalaktī àti hotā làwọn èèyàn ń sọ lónìí, káàdì kò sì sọ bẹ́ẹ̀. Na jāne inú káàdì 78 náà ńkọ́? Lónìí, "ta ló mọ̀" ló túmọ̀ sí. Ẹni tí kò mọ ijó jó, nāchnā nahīn ātā là ń wí. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 49. Ìwé ìlànà ní káàdì márùn-ún lójúmọ́; irọ́ ni, mẹ́rin lọ́sẹ̀ tó.

Wọ́n tún da kahāvat pọ̀ mọ́ muhāvrā. Kahāvat dá dúró bí òwe. Muhāvrā, ìyẹn àkànlò èdè, gbọ́dọ̀ wọ inú gbólóhùn kó sì yí padà. Wọ́n tẹ dāl mein kuchh kālā honā bẹ́ẹ̀, nǹkan dúdú ń bẹ nínú ọbẹ̀ ẹ̀wà, ìyẹn ni pé ọ̀rọ̀ náà ní kọ́nú-n-kọ́họ. Ẹni tó bá sọ honā ("wíwà") lójú títì kò tíì sọ nǹkan kan. Hai ni, tàbí thā tó bá ti kọjá. Ní ti káàdì 33, tó fi Rājā Bhoj, ọba àtijọ́ kan, wé Gangū Telī, Telī ni orúkọ ìran àwọn tó ń fún òróró. Kò sí ìkìlọ̀ kankan. Gbogbo wa la mọ irú òwe bẹ́ẹ̀ nílé, a sì mọ ibi tí a kì í ti í pa á.

Kíláàsì keje, mo ti ń retí pé wọ́n á fún mi ní tísà mìíràn. Màmá wọlé pẹ̀lú kọ́ọ̀bù tíì, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Wọn ò dárúkọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n kọ ìlà kan sójú kọ̀ǹpútà: vo kahte hain na, "wọ́n máa ń sọ ọ́, àbí?" Wọ́n ní kí n máa fi ṣáájú òwe. Tótó ó ṣe bí òwe nìyẹn, ó wà lédè wọn látọjọ́! Ìlà kejì ni merā to vahī hāl hai, "bí tèmi náà ṣe rí nìyẹn", kí n fi bu ara mi. Ẹ̀kẹta: kí n sọ àbọ̀, nāch na jāne, kí n dákẹ́, ẹni tó gbọ́ á parí rẹ̀ nínú ara rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn wọ́n ní kí n kó àpótí náà jáde. Kíláàsì mẹ́ta la fi pín in sọ́nà mẹ́ta: 52 tí mo lè pa fún ẹnikẹ́ni, 47 tó jẹ́ fún ara mi àti ọ̀rẹ́, 21 tí mo kàn lè kà lásán. Níbi tí àmì ti sọnù, wọ́n ní kí n fi bírò tọ́ ọ. Wọ́n fi ìṣẹ́jú 20 kún ọ̀kan nínú kíláàsì náà láì gbowó, wọ́n ní àwọn jẹ mí ní 12.

Máàkì: 2 nínú 5. Mo ti san owó oṣù mẹ́ta mìíràn, lọ́dọ̀ màmá náà.