Lahn Mah: eré Táílándì tí màmá mi kọ́kọ́ ní kí n yí kúrò

Nígbà tí mo túmọ̀ àkọlé eré yìí fún màmá mi, ṣe ni wọ́n fọwọ́ bo ẹnu. How to Make Millions Before Grandma Dies ni wọ́n ń pè é lédè Òyìnbó. Mo ní, "Màmá, ó ní bí èèyàn ṣe lè di olówó ńlá kí ìyá àgbà tó kú." Wọ́n ní, "Ẹ̀jẹ̀ Jésù! Ṣé wọ́n fẹ́ fi ìyá oníyàá ṣoògùn owó ni? Yí i kúrò níbẹ̀ jàre." Mi ò lè bá wọn jiyàn, torí ohun tó ti ń lé èmi náà sá láti ọjọ́ pípẹ́ nìyẹn. Àkọlé yẹn jọ ti eré àwọn ọmọ Yahoo. Ṣùgbọ́n orúkọ tí àwọn ará Táílándì fúnra wọn sọ ọ́, Lahn Mah, kò ní wàhálà kankan nínú: ọmọ-ọmọ ìyá àgbà. Ó parí. Ìgbà tí mo sọ èyí fún màmá mi ni wọ́n tó gbé ẹsẹ̀ sórí àpótí, wọ́n ní ó dáa, kí n tàn án.

Ìbàdàn lọ́dọ̀ mi ni wọ́n wà lọ́sẹ̀ yẹn, wọ́n wá yẹ ojú wò. Ojú wọn ò ríran ka ìtumọ̀ tó ń sáré kọjá nísàlẹ̀ tẹlifíṣọ̀n, wọn ò sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà èmi ni ògbufọ̀. Eré tí kò ju wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, ó gbà wá tó wákàtí mẹ́rin. Iná lọ lẹ́ẹ̀kan. Ìgbà tó kù, màmá mi ló ń ní kí n dá a dúró káwọn lè sọ tẹnu àwọn.

Ọjọ́ 4 oṣù kẹrin ọdún 2024 ni wọ́n gbé eré náà jáde ní Táílándì. Ọjọ́ yẹn gan-an ni Qingming bọ́ sí lọ́dún náà, ọjọ́ tí àwọn ọmọ Ṣáínà níbi gbogbo ń lọ tún sàréè àwọn òbí wọn ṣe, tí wọ́n ń gbé oúnjẹ àti òdòdó lọ bá wọn. Ìdílé inú eré yìí jẹ́ ọmọ Ṣáínà tó ti di ará Bangkok, ibi sàréè ni a sì ti kọ́kọ́ pàdé wọn. Ìyá àgbà, Amah ni wọ́n ń pè é, kó àwọn ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ kò ju pé kí wọ́n sin òun síbi tó gbòòrò, tó níyì, bíi tàwọn olówó. Ó ṣubú níbẹ̀. Wọ́n gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà, ó di pé jẹjẹrẹ wà nínú ìfun rẹ̀, ó sì ti dé ìpele kẹrin. Àwọn ọmọ pẹnu pọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má sọ fún un.

Ibí yìí ni màmá mi ti kọ́kọ́ ní kí n dá a dúró. "Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe ṣe fún ẹ̀gbọ́n mi," wọ́n ní. "Wọ́n kàn ń sọ fún un pé ọgbẹ́ inú ni." Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí n máa bá a lọ.

Ọmọ-ọmọ tí a ń sọ ni M. Lẹ́tà kan ṣoṣo lorúkọ rẹ̀. Ó ti fi ilé-ìwé sílẹ̀, géèmù ló ń gbá lórí íntánẹ́ẹ̀tì, pé àwọn èèyàn á máa wo òun, owó á sì máa wọlé. Kò sówó tó ń wọlé. Ó wá rí ìbátan rẹ̀ kan, Mui, tó tọ́jú bàbá bàbá rẹ̀ títí bàbá fi kú, tí bàbá sì fi ilé sílẹ̀ fún un. Ojú M là. Ó di ẹrù, ó kọjá sọ́dọ̀ Amah ní Talat Phlu, àdúgbò kan ní Bangkok, pé òun wá tọ́jú ìyá àgbà. Ṣé ẹ mọ irú ọmọ tí kì í wá kí yín, tó wá dédé gbé àpò wọlé lọ́jọ́ tí ara yín ò yá? Ṣùgbọ́n Amah kì í ṣe òmùgọ̀. Ojú tó fi ń wo ọmọ náà láti ọjọ́ àkọ́kọ́ lo máa mọ̀ pé ó ti ka ọkàn rẹ̀ bí ìwé. M yìí kan náà ló wá já a fún un pé jẹjẹrẹ ló ń ṣe é. Nínú gbogbo ìdílé yẹn, ọmọ tó wá nítorí ilé lẹni àkọ́kọ́ tó bá ìyá sọ òótọ́.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nípa apá àárín eré náà ni pé wọn ò sáré. Amah ń ta jok láàárọ̀ kùtù, ìyẹn ìrẹsì tí wọ́n sè títí tó fi rọ̀ bí ògì. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti wà nídìí ìkòkò. M ní láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń jí. Ó ní láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń dájí lọ tò sórí ìlà nílé ìwòsàn ìjọba, tí ìlà á ti gùn kí dókítà tó dé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbé arúgbó lọ sí irú ibẹ̀ rí, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ: ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n máa ní kẹ́ ẹ wá, ẹ̀ẹ̀kan nítorí káàdì, ẹ̀ẹ̀kan nítorí dókítà. Kò sí ibi tí M ti dédé di ọmọ dáadáa. Díẹ̀díẹ̀ ni, bí ìgbà tí èèyàn ń sanra, ẹni tó ń wò ó lójoojúmọ́ ò ní rí i.

Amah bí ọmọ mẹ́ta. Kiang ni àgbà, olówó díẹ̀ ni, ìyàwó rẹ̀ kò sì fẹ́ràn àti máa wá sí Talat Phlu. Sew, ìyá M, ni obìnrin àárín, iṣẹ́ ilé ìtajà ló ń ṣe, òun ló sì ń sá sókè sódò. Soei ni àbíkẹ́yìn, gbèsè ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Tí mo bá ní kí n bínú sí ẹnì kan nínú wọn, Soei ni. Ṣùgbọ́n àwọn tó kọ eré yìí ò jẹ́ kí èèyàn bínú sí ẹnì kan pẹ́. Gbogbo wọn fẹ́ràn ìyá wọn. Gbogbo wọn sì ń ṣírò nǹkan ìní rẹ̀. Ọ̀kan kò lé èkejì jáde.

Ìran kan wà tí mi ò lè gbàgbé. Amah ní kí M bá òun lọ sí ilé ẹ̀gbọ́n òun ọkùnrin. Bàbá arúgbó ni, ilé rẹ̀ tóbi, owó wà. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò jókòó, inú wọn dùn láti rí ara wọn, o ò ní mọ̀ pé nǹkan kan ń bọ̀. Lẹ́yìn náà ni Amah rọra sọ ohun tó gbé e wá: kí ẹ̀gbọ́n ran òun lọ́wọ́ láti ra ilẹ̀ sàréè. Ojú bàbá yẹn yí padà. Ó ní orúkọ ìdílé ọkọ ni Amah ń jẹ́, kì í ṣe ti àwọn mọ́, kí ló wá kan òun nínú sàréè rẹ̀. Ó lé e jáde. A wá mọ̀ pé Amah yìí ló tọ́jú àwọn òbí wọn títí wọ́n fi kú, pé gbogbo ogún lọ sọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n nítorí pé òun ni ọkùnrin, pé ọkọ tí kò dáa sì ni wọ́n fún Amah. Wọn ò fi orin bò ó. Wọn ò jẹ́ kí Amah sunkún. Àwọn obìnrin tó ti dàgbà máa ń ní ojú kan tí wọ́n máa ń ṣe nígbà tí ẹnì kan bá tẹ́ wọn lójú ọmọ wọn, ojú yẹn gan-an ni màmá arúgbó yìí ṣe.

Màmá mi ní, "Ẹ wo ìkà ẹ̀gbọ́n." Wọ́n tún un sọ nígbà mẹ́ta.

Mo fẹ́ fi ìmọ̀ mi hàn, mo ní lọ́dọ̀ tiwa ó yàtọ̀, pé bóyá ìdí-igi ni wọ́n fi pín ogún, ìyẹn ìyàwó kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀, tàbí orí-ò-jorí, ìyẹn ọmọ kọ̀ọ̀kan, ọmọbìnrin ní ìpín tirẹ̀. Màmá mi rẹ́rìn-ín. "Lẹ́nu nìyẹn. Ìgbà tí wọ́n ta ilẹ̀ bàbá wa, ta ló pè mí?" Mi ò fèsì. Láìpẹ́ sígbà yẹn ni Sew sọ ọ̀rọ̀ kan nínú eré náà tó bọ́ sí i gẹ́lẹ́, pé ọmọkùnrin ló ń jogún ilé, jẹjẹrẹ lọmọbìnrin ń jogún. Mo túmọ̀ rẹ̀. Yàrá dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan.

Màmá arúgbó tó ṣe Amah ń jẹ́ Usha Seamkhum. Ẹni ọdún 78 ni nígbà yẹn, kò sì tíì ṣe irú eré sinimá báyìí rí. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ṣàwárí rẹ̀, ṣùgbọ́n ọpẹ́ ni fún ẹni tó ṣe é. Kò ṣe bí ẹni tó ń ṣeré rárá. Putthipong Assaratanakul tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí Billkin ló ṣe M, olórin ni, arẹwà ọkùnrin ni pẹ̀lú, mo sì ti ń bẹ̀rù pé ẹwà rẹ̀ á ba eré jẹ́. Kò bà á jẹ́. Ó jẹ́ kí wọ́n rí òun bí ọ̀lẹ, bí onímọtara-ẹni-nìkan. Pat Boonnitipat tó darí eré náà, àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyí nínú eré sinimá gígùn, lẹ́yìn tó ti ṣe eré alápá-alápá fún tẹlifíṣọ̀n. Ní òpin ọdún 2024, eré yìí wọ inú àwọn 15 tí wọ́n ṣà fún ìdíje Oscar ti eré ilẹ̀ òkèèrè, eré Táílándì kankan ò sì tíì dé ibẹ̀ rí ṣáájú rẹ̀. Kò wọ inú márùn-ún tó kẹ́yìn, ó sì dùn mí.

Ẹni tí kò bá tíì wò ó, kó fo ìpínrọ̀ mẹ́ta tó kàn.

Amah gbé ilé fún Soei. Soei onígbèsè! Inú bí mi débi pé mo dìde dúró. M náà bínú, ó bi ìyá àgbà pé gbogbo ohun tí òun ṣe ńkọ́, kí wá ni òun jẹ́ sí i. Ohun tó sì tún dùn mí jù ni pé ohun tí wọ́n fi jẹ Amah níyà nígbà èwe rẹ̀ ló tún ṣe fún Sew: ọmọbìnrin ṣiṣẹ́, ọmọkùnrin gba ilé. Soei ta ilé náà, ó sì gbé ìyá rẹ̀ lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Mo ní kí màmá mi dá sí i. Wọ́n ní, "Ìwọ ò tíì bímọ ni. Kiang ní owó. Sew ní ìwà. Soei ò ní nǹkan kan. Ta lo fẹ́ kó gbé e fún?" Mo ní bẹ́ẹ̀ kọ́ ló ṣe yẹ kó rí. Wọ́n ní, "Mi ò sọ pé ó yẹ." A ò tíì parí àríyànjiyàn yẹn títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

M ló lọ gbé ìyá àgbà kúrò níbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ló sì kú sí. Owó kan jáde nígbẹ̀yìn tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ pé Amah ń kó pamọ́ fún ọmọ náà láti kékeré, M sì mọ ohun tó máa fi ṣe. Owó yìí bọ́ sásìkò jù fún mi, ó jọ ti eré wa nílé níbi tí ìwé ìhágún ti máa ń já bọ́ láti inú Bíbélì. Ṣùgbọ́n ibi tó gbé owó náà lọ kò ṣeé bá wí: sàréè tó gbòòrò, tó níyì. Ẹni ọmọ sin ló bímọ, ohun tí Amah ti ń wá látìbẹ̀rẹ̀ ò ju ìyẹn lọ.

Nínú ọkọ̀ tó ń gbé pósí lọ, M jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń fọwọ́ kan igi pósí náà kó-kó-kó, ó ń sọ ibi tí wọ́n dé fún ìyá àgbà kó má bàa ṣìnà. Ohùn rẹ̀ jọ ti ẹni tó ń bá èrò ẹ̀yìn ọkọ̀ sọ̀rọ̀. Nígbà tí à ń gbé ìyá àgbà tiwa láti Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́, èmi pẹ̀lú màmá mi la jókòó tì wọ́n. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Dẹ́rẹ́bà tan rédíò, bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń sọ. Bí mo ṣe túmọ̀ ohun tí M ń wí, màmá mi nu ojú wọn pẹ̀lú etí ìró, wọ́n ní, "A ò tiẹ̀ sọ fún wọn pé a ti dé Fìdítì."

Àléébù rẹ̀ ò pọ̀. Mui, ọmọ tó fún M ní gbogbo èrò yẹn, ọmọ tó láwàdà jù nínú eré, ṣe ni wọ́n pa á tì láàárín, bẹ́ẹ̀ èmi fẹ́ mọ bí ọkàn rẹ̀ ṣe rí nínú ilé òkú tó jogún. Ìyàwó Kiang kò ní ju ojú lílé lọ. Níparí, ìró duru pọ̀ jù, bí ẹni pé wọn ò gbà pé a máa sunkún fúnra wa. Bẹ́ẹ̀ a ti ń sunkún tipẹ́. Ẹ má sì wò ó lórí fóònù, lẹ́tà ìtumọ̀ rẹ̀ wẹ́wẹ́ jù, ó sì ń yára lọ. Wákàtí tí mo kọ́kọ́ gbìyànjú rẹ̀ bẹ́ẹ̀, orí ló fọ́ mi.

Tí ẹ bá lè wò ó pẹ̀lú ìyá yín, ẹ jẹ́ kó jẹ́ ọjọ́ tí kò sẹ́ni tó ń kánjú lọ síbì kankan. Mo fún un ní mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. Mo ka èyí sétí màmá mi kí n tó fi í síta, wọ́n ní kí n kọ mẹ́wàá síbẹ̀, pé ta ló ní kí n yọ máàkì kan lára ìyá oníyàá.