Ọjọ́ mẹ́rin ní Àjàṣẹ́ àti Kútọnu pẹ̀lú owó táṣẹ́rẹ́

Abẹ́òkúta ni wọ́n bí mi sí, Èkó ni mò ń gbé. Láti kékeré, ohun méjì péré ni mo mọ̀ nípa Bẹ̀nẹ̀: ọkọ̀ tòkunbọ̀ tó ń gba Kútọnu wọlé, àti àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n ń mú wá láti ọ̀hún wá ṣe ọmọ ọ̀dọ̀. Ọ̀kan nínú wọn gbé ilé wa fún ọdún mẹ́ta. “Ègùn” la máa ń pè é. Torí náà, nígbà tí mo wọ mọ́tò ní Mile 2 lóṣù tó kọjá, ìlú tí kò tó tiwa ni mo rò pé mò ń lọ.

Ọ̀nà tí owó rẹ̀ kéré jù ni mo gbà: mọ́tò akérò dé Sẹ̀mẹ̀, mo fẹsẹ̀ gba ẹnubodè kọjá, mo wá wọ takisí tó kó èrò mẹ́fà lọ sí Àjàṣẹ́ ti Bẹ̀nẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo. Ọmọ Nàìjíríà kò nílò físà, 90 ọjọ́ ni ECOWAS fún wa, àmọ́ ẹ mú yẹ́lò káàdì, ìwé ẹ̀rí abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, dání nítorí wọ́n máa ń béèrè. Láàárín Àgbádárìgì sí Sẹ̀mẹ̀, wọ́n dá wa dúró títí tí n kò fi kà á mọ́, awakọ̀ sì ń tọwọ́ bàpò. Ní ọ̀hún, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n dá wa dúró kí n tó dé Àjàṣẹ́. Ìyẹn dùn mí gan-an.

Ilé àlejò tí mo dé sí, 8,000 séfà lóru kan, balùwẹ̀ àjọlò. Bẹ́ẹ̀dì mọ́ tónítóní, nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn kò ya. Ṣùgbọ́n lóru kejì, fáànù kú ní aago méjì, ẹni tó yẹ kó wà lẹ́nu iṣẹ́ kò dáhùn títí ilẹ̀ fi mọ́. Wọ́n ní owó oúnjẹ àárọ̀ wà nínú owó yàrá. Nínú àárọ̀ mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀kan ni mo fojú kàn án.

Ebi yẹn ló lé mi jáde sọ́dọ̀ ìyá alákàrà kan lẹ́bàá ọ̀nà. N kò gbọ́ Faransé, mo sì ti ń ro bí n ó ṣe fọwọ́ júwe. Ìyá gbójú sókè, ó ní, “Ṣé o jíire, ọmọ mi? Ti èló ni kí n kó?” Ẹnu yà mí. Mo jókòó lórí àpótí, ó fi ìwé di àkàrà fún mi, ó da ata sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣáájì fóònù mi.” Ó ní kí ni mo wí. Mo tún un wí, kò yé e. N kò rí Yorùbá tí n ó fi sọ ọ́. Ìgbà tí mo nawọ́ wáyà sí i ló ní, “Háà, o fẹ́ kó gba iná sára.” Èmi tí mò ń pe ara mi ní ọmọ Yorùbá!

Ó ní ará Kétu ti Bẹ̀nẹ̀ ni ìyá òun, pé inú ìdílé kan náà ni àwọn àti àwa wà kí òyìnbó tó fa ààlà. Mo rántí Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí UNESCO kọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àṣà àjogúnbá ní 2008 lórúkọ Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò pa pọ̀. Mo ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. N kò kàn rò ó kan ènìyàn ni. Bí ẹ bá dé Àjàṣẹ́, ẹ wo mọ́sálásí ńlá tí àwọn Àgùdà tó ti Bràsíl dé kọ́: bí ṣọ́ọ̀ṣì ni iwájú rẹ̀ rí.

Ní Kútọnu, zemidjan, ìyẹn ọ̀kadà tiwọn, ni mo ń gùn káàkiri. “Gbé mi kíá” ni ìtumọ̀ rẹ̀ lédè Fọ̀n. Ẹ dúnàá dúrà kí ẹ tó gùn ún, kí ẹ sì ní owó wẹ́wẹ́. Ọ̀kan gbé mi lọ síbi ère obìnrin ajagun tí wọ́n ṣí ní 2022, tó ga tó mítà 30. Ìyá àgbà mi a máa sọ bí àwọn jagunjagun obìnrin Dàhọ̀mì, ìjọba àtijọ́ ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ṣe wá ja Abẹ́òkúta lógun ní 1851, tí àwọn Ẹ̀gbá sì lé wọn padà. Orin là ń fi í kọ. Mo sọ fún ọlọ́kadà náà pé Abẹ́òkúta ni mo ti wá. Yorùbá rẹ̀ kò já gaara, àmọ́ ó yé mi. Ó ṣí akoto lórí, ó nawọ́ sí ère náà, ó ní, “Àwọn ìyá wa nìyí. Ọ̀pọ̀ wọn ò padà dé láti ìlú yín.” Nínú gbogbo orin yẹn, kò sí ìgbà kan tí ẹnikẹ́ni sọ fún mi pé àwọn tó kú náà ní ọmọ nílé. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀.

Ilé àlejò yẹn, n kò ní dé ibẹ̀ mọ́. Ìlú méjèèjì ńkọ́? N ó padà lọ́dún tó ń bọ̀, ọ̀nà kan náà ni n ó sì gbà. Ká ní mo wọ bàálù, tí mo sun òtẹ́ẹ̀lì olówó ńlá, n kò ní bá ìyá alákàrà pàdé, bẹ́ẹ̀ ni n kò ní gun ọ̀kadà.

Nígbà tí mò ń bọ̀, mo pe màmá mi láti Sẹ̀mẹ̀, mo ní, “Màmá, kí lorúkọ ọmọ tó gbé ọ̀dọ̀ wa nígbà yẹn?” Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n ní àwọn máa bi àbúrò àwọn, bóyá ó rántí.