Iná HG-1 fún yíyẹ spectrometer wò: ohun tí mo rí lẹ́nu ìlò rẹ̀

Láàbù tó ní spectrometer, ẹ̀rọ tó ń ya ìmọ́lẹ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ní gígùn ìgbì, tí kò ní iná tí wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò, èsì wọn kì í fi mí lọ́kàn balẹ̀. HG-1, iná mercury àti argon ti Ocean Optics, ni mo máa ń kọ́kọ́ tàn kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tó wọn ohunkóhun.

Kò tóbi, a sì lè fi bátìrì 9V tàn án, oore ńlá nìyẹn fún ẹni tí wọ́n lè mú iná lọ mọ́ lọ́wọ́. Ẹ lọ́ ẹnu okùn fiber tó ń gbé ìmọ́lẹ̀ lọ sínú spectrometer mọ́ ọn, ẹ tàn án, kí ẹ ní sùúrù: argon ló máa ń kọ́kọ́ hàn, bó ṣe ń gbóná ni mercury ń borí.

Mo fọkàn tán an nítorí pé ẹ̀dá átọ́ọ̀mù ló pinnu ibi tí ìlà kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ìmọ́lẹ̀ gígùn ìgbì kan pàtó, wà, kì í ṣe ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Ti mercury, 404.66, 435.83, 546.07 nánómítà: bákan náà ni níbi gbogbo. Bí ẹ̀rọ yín bá gbé ìlà aláwọ̀ ewé, 546.07, sí 547.5, ẹ̀rọ yín ló yẹ̀.

Ẹ tẹjú mọ́ ìlà mercury méjì, 576.96 àti 579.07; ṣóńṣó ni ìlà kọ̀ọ̀kan máa ń yọ lórí àwòrán ẹ̀rọ. Bí ṣóńṣó méjì bá dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ojú ẹ̀rọ náà mú. Bí wọ́n bá lẹ̀ pọ̀ di ẹyọ kan, kò lè ya ohun tó sún mọ́ra tó bẹ́ẹ̀. Ṣóńṣó tí orí rẹ̀ tẹ́ kò ṣeé lò, ẹ dín integration time, àkókò tí ẹ̀rọ fi ń gba ìmọ́lẹ̀, kù. Ìlà tó bá sì yọjú ní 507.3, òjìji ìlà mercury tó wà ní 253.65 ni, ìlọ́po méjì rẹ̀ gan-an. Ẹ má kà á mọ́ àwọn ìlà gidi.

Àwọn kan ní gúlóòbù energy saver ti tó. Lóòótọ́ mercury wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹ̀fun funfun inú rẹ̀ ń da ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ 546 gan-an, àwọn ìlà argon láti 696.54 lọ sókè kì í sì í hàn kedere. Fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ó dára. Fún èsì tí ẹ fẹ́ tẹ̀ jáde, rárá o.

Gígùn ìgbì nìkan ni HG-1 ń yẹ̀ wò. Tó bá jẹ́ bí ìmọ́lẹ̀ ṣe lágbára tó lẹ fẹ́ wọ̀n, iná halogen tó ní ìwé ẹ̀rí ìwọ̀n lẹ máa rà. Ẹ má sì wo ojú HG-1 láìfi gíláàsì dábòbò ojú: ultraviolet inú rẹ̀ pọ̀.