Ẹja aláró, GloFish, parrot àbí ẹja odò tiwa: èwo lẹ fẹ́ rà?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra ẹja sí pálọ̀ yín, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ka èyí kẹ́ ẹ tó sanwó. Ó pẹ́ tí mo ti ń sin ẹja ọ̀ṣọ́, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ sì máa ń bi mí pé èwo ló rẹwà jù, èmi náà á bi wọ́n pé níbo ni ẹwà yẹn ti wá, torí àwọ̀ tí wọ́n bí mọ́ ẹja yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún sí i lára. Iye owó wọn lè fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra, àmọ́ ohun tójú ẹja rí kó tó délé yín ò jọra rárá.

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tó dùn mí jù, ìyẹn glassfish. Parambassis ranga ni wọ́n ń pè é nínú ìwé sáyẹ́ǹsì, apá Íńdíà àti Bangladesh ló ti wá. Ara rẹ̀ mọ́ gaara bíi gíláàsì, tẹ́ ẹ bá tan iná sẹ́yìn tánkì ẹ máa rí eegun ẹ̀yìn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ máa rí àpò kékeré kan nínú ikùn rẹ̀ tó ń dán bíi fàdákà. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Àwọn oníṣòwò kan ní Éṣíà ló wá ń fa aró sínú sírínjì, wọ́n á gún un lẹ́yìn, wọ́n á gún un nísàlẹ̀ ikùn, ẹja kan ṣoṣo lè gba abẹ́rẹ́ léraléra kí ìlà pupa tàbí búlúù tó ń tàn yẹn tó jáde. Ẹja tí ò gùn ju ìka ọwọ́ lọ o! Abẹ́rẹ́ yẹn lára rẹ̀ dà bí ìgbà tí wọ́n bá fi bírò gún wa.

Mo ra mẹ́fà rí, n ò mọ̀. Ẹni tó tà á fún mi ní bí wọ́n ṣe bí wọn nìyẹn, mo sì gbà torí ojú mi ti wọ̀ ọ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́kọ́ rí i, ó fi ìka kan tánkì, ó ní, "Àǹtí, ẹ wò ó, ẹja yìí ti ń ṣí o." Lóòótọ́, ìlà pupa ẹ̀yìn rẹ̀ ti ń ṣí bí aṣọ tí aró rẹ̀ ò mú dáadáa. Kó tó pé oṣù mẹ́ta, kókó funfun ti yọ sí etí lẹbẹ méjì nínú wọn, bíi wóró gàrí tó rin tó lẹ̀ mọ́ ọn. Lymphocystis ni, àìsàn tí fáírọ́ọ̀sì ń fà, ó sì wọ́pọ̀ lára àwọn tí wọ́n gún ju àwọn tí wọn ò gún lọ. Nígbà tó yá ẹyọ kan ló kù. Gbogbo aró ti lọ lára rẹ̀, ó wá mọ́ gaara, àfi ìgbà yẹn ni mo tó rí ẹja tí mo rà.

Àwọn kan á ní ẹja ò mọ ìrora, pé kí lèèyàn ń pariwo sí. Lọ́dún 2003 onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Lynne Sneddon, àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí Roslin ní Scotland gún oró oyin tàbí ásíìdì sí ètè ẹja odò kan tí wọ́n ń pè ní trout. Àwọn ẹja yẹn ń mì sọ́tùn-ún mì sósì, èyí tó gba ásíìdì ń fi ètè ha òkúta wẹ́wẹ́ ìsàlẹ̀ tánkì, ó sì pẹ́ gan-an kí wọ́n tó padà jẹun. Ẹ wo ẹja tí ètè ń ta, tó ń fi ha òkúta, kẹ́ ẹ wá sọ fún mi pé kò mọ nǹkan kan.

Abẹ́rẹ́ nìkan kọ́ o. Wọ́n máa ń ki ẹja mìíràn bọ kẹ́míkà tó máa bó ohun tó ń yọ̀ lára rẹ̀ kúrò, ohun tó ń gbà á lọ́wọ́ àìsàn nìyẹn o, wọ́n á wá kì í bọ aró. Skirt tetra funfun, ẹja kékeré kan nìyẹn, tẹ́ ẹ bá rí i tó ní àwọ̀ súìtì ọmọdé, ẹ fura sí i. Látọdún 1996 ni ìwé ìròyìn Practical Fishkeeping nílùú Ọba ti ń pe àwọn ṣọ́ọ̀bù pé kí wọ́n má tà á mọ́.

GloFish, ẹja tí àwọ̀ rẹ̀ ń tàn yanran yẹn, wá ńkọ́? Ẹ má kó o pọ̀ mọ́ aláró, torí kò sẹ́ni tó gún un. Ní yunifásítì ìjọba Singapore ni Zhiyuan Gong àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi jíìnì (ohun tó ń pinnu bí ẹ̀dá ṣe máa rí) tó ń mú kí jellyfish inú òkun máa tàn sínú ẹyin zebrafish, ẹja kékeré abilà kan, lọ́dún 1999, wọ́n fẹ́ kó máa fi han àwọn èèyàn tí omi bá ti dọ̀tí, nígbà tó fi máa di ìparí 2003 wọ́n ti ń tà á ní Amẹ́ríkà. Ó ń bí i mọ́ ọmọ, àwọ̀ rẹ̀ kì í ṣí. Ká fi ti ìyà ẹja nìkan wò ó, ó fi ọ̀nà tó jìn dáa ju glassfish aláró lọ, mi ò ní purọ́. Odò ló ń bà mí lẹ́rù. Òfin Brazil ò gbà kí wọ́n tà á, síbẹ̀ àwọn onímọ̀ rí i nínú àwọn odò kéékèèké ní ìpínlẹ̀ Minas Gerais níbẹ̀, ó ń bímọ níbẹ̀, ìròyìn yẹn jáde ní 2022. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní London, òfin tibẹ̀ náà ò gbà á, ẹ má bá wọn rà á lábẹ́lẹ̀.

Ẹja parrot, èyí tó rí roboto tó pọ́n bí ọsàn yẹn, òun ló ń dà mí láàmú jù torí gbogbo èèyàn fẹ́ràn rẹ̀. Ní Taiwan ni wọ́n ti da oríṣi ẹja méjì nínú ìdílé ẹja tí wọ́n ń pè ní cichlid pọ̀ bí i, láàárín 1980 sí 1990. Ẹnu rẹ̀ ò lè pa dé dáadáa, ọ̀nà ọ̀fun ló ti ń lọ oúnjẹ, tẹ́ ẹ bá kó o pọ̀ mọ́ ẹja oníjàgídíjàgan ebi á pa á. Tẹ́ ẹ bá ti ní in, ẹ tọ́jú ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí i tó ní àwọ̀ búlúù tàbí pọ́pù, tàbí tí wọ́n fi iná lésà fín nǹkan sí i lára, tàbí tí wọ́n ti gé ìrù rẹ̀ kó lè rí bí ọkàn, ẹ jáde ní ṣọ́ọ̀bù yẹn. Ìrù lẹja fi ń wẹ̀!

(Arowana, ẹja ńlá olówó gọbọi tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ abẹ ojú fún ní Singapore, kí ẹyinjú rẹ̀ má baà sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ṣáà ń fi oògùn kùn ún lóorun ná. Ẹni tó ni í ló fẹ́ ojú yẹn, ẹja ò fẹ́ ẹ.)

Ẹja tí ọkàn mi wà lára rẹ̀ ni kribensis, Pelvicachromis pulcher, ọmọ odò gúúsù Nàìjíríà níbí. Ní ṣọ́ọ̀bù ẹ lè kọjá lára rẹ̀ kẹ́ ẹ má wò ó, torí ẹ̀rù ń bà á níbẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ á ṣú bí ewé gbígbẹ. Aláró ló máa ń tàn jù ní ṣọ́ọ̀bù, á wá máa ṣí tó bá délé, ṣùgbọ́n kribensis ilé ló ti ń tàn. Ẹ ra akọ kan abo kan, ẹ fún wọn ní tánkì tó gba lítà 75 ó kéré tán, ẹ da iyanrìn sísàlẹ̀, kẹ́ ẹ fi ìkòkò amọ̀ kékeré kan dùbúlẹ̀ síbẹ̀. Ẹ fi wọ́n lọ́rùn sílẹ̀. Abo ló máa yà yín lẹ́nu, ikùn rẹ̀ á pọ́n bí ìgbà tí wọ́n fi osùn kùn ún, á tẹ ara kọ̀rọ̀bọ̀ níwájú akọ, á máa gbọ̀n. Inú ìkòkò yẹn ló máa yé sí, lókè níbi tó dà bí òrùlé, á dúró ti ẹyin, ọkọ á máa ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Tọ́mọ bá jáde, àwọn méjèèjì á jọ máa kó wọn kiri bí àgbébọ̀ adìyẹ, ẹ máa gbàgbé pé tẹlifíṣọ̀n wà nínú pálọ̀.

Tẹ́ ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù, ẹ ní kí wọ́n ju oúnjẹ sí tánkì lójú yín, ẹ wo èyí tó sáré wá. Ẹ béèrè orúkọ ẹja, kẹ́ ẹ wo fọ́tò rẹ̀ lórí fóònù bóyá àwọ̀ yẹn wà lára àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ti ra aláró tẹ́lẹ̀, ẹ má dà á sí gọ́tà tàbí odò, ẹ máa pààrọ̀ omi díẹ̀díẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ẹ má kó ẹja kún tánkì, aró á ṣí fúnra ẹ̀. Ẹyọ kan tó kù nínú tèmi yẹn tún lo ọdún méjì sí i.